Nígbà Tí Orí Rélùwéè Bàbá Mi Dákẹ́

Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ìlú tí kò ní ojú irin kankan ló padà sí. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí i, Ọ̀wọ̀ náà ló sì fẹ́ kú sí, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún tó fi wa ọkọ̀, fèrè ọkọ̀ rẹ̀ kò dún dé etí ará ilé wa rí. Òṣogbo, Ìkìrun, Ọ̀fà, Ìlọrin, Jẹ́bà, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ní Ọ̀wọ̀, ọkùnrin tó máa ń wá kí ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí aṣọ rẹ̀ ń rùn èédú, ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Ìyá mi, ọmọ Àkókó tó ń ta aṣọ ní Ọ̀wọ̀, ti kú kí bàbá mi tó padà wálé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, ọ̀kan sí Ìbàdàn, ọ̀kan sí Èkó. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé ìjọ ni ilé kù sí lọ́wọ́. Mi ò tíì lọ́kọ nígbà náà.

Ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni mò ń sọ yìí. Kíláàsì mi kún débi pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn ọmọ ń jókòó sí, àwọn mìíràn sì ń fi ara ti ojú fèrèsé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sunkún ìyá wọn títí wọn yóò fi lu agogo ìsinmi. Bí mo bá jáde níbẹ̀ lọ́sàn-án, ohùn mi á ti ha. Mo ṣì ní omi láti pọn, mo ní iṣu láti gún, mo sì ní ẹsẹ̀ bàbá mi láti tọ́jú. Iná ọkọ̀ ti jó ẹsẹ̀ náà nígbà kan rí. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ojú àpá rẹ̀ á là, n óò fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, n óò sì fi òrí pa á. Ó máa ń rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Mo sùn, ó rẹ̀ mí. Mo jí, ó rẹ̀ mí.

Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi mú ti ibi iṣẹ́ bọ̀, yàtọ̀ sí àpótí aṣọ rẹ̀, ni orí rélùwéè kékeré kan tí òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó ń lọ. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó sì gùn tó láti ìgúnpá mi dé ọrùn ọwọ́. Ó ní ihò èéfín lórí, ó ní ọ̀pá tó ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ tó ń ti í bọ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti ńlá. Kọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tí èrò ń wọ̀ ló ń fà. Ojú irin tó ń gbà wà ní kélekèle; bí a bá so ó pọ̀ lórí ilẹ̀ pálọ̀, á yí po bí òrùka. Ẹni tó bá fẹ́ kó rìn yóò ki kọ́kọ́rọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì yí i títí yóò fi le, bí ẹni ń yí aago orí tábìlì.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, bàbá mi á jókòó lórí àpótí ìjókòó rẹ̀ nínú pálọ̀, á sì pè mí bí ẹni ń pe gáàdì, ẹni tó ń súfèé kí rélùwéè tó gbéra.

"Gáàdì dà?"

"Mo wà níbí, sà."

"Ọ̀nà mọ́?"

"Ọ̀nà mọ́, sà."

"Gbé e lé ojú irin. Ọwọ́ tìrẹ kéré ju tèmi lọ."

Èmi ni n óò kúnlẹ̀, tí n óò to ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ojú irin, tí n óò fi ìwọ̀ kọ́ kọ́ọ̀ṣì mọ́ ara wọn, tí n óò sì súfèé. Ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Bàbá mi á dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa gbọ́ ọ, á máa pe orúkọ àwọn ibùdókọ̀ bí ó bá ti kọjá ẹsẹ̀ rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ará àdúgbò máa ń kún ẹnu ọ̀nà láti wò ó. Nígbà tó yá, ó sú wọn. Kò sú bàbá mi. Ojoojúmọ́ ni, bí ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè. Bí mo bá ní iṣu lórí iná, n óò sọ ọ́ kalẹ̀ wá ṣe gáàdì.

Ọjọ́ tó dákẹ́, ọyẹ́ mú gan-an. Mo ti gbé e lé ojú irin, bàbá mi ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, nígbà tí nǹkan dún nínú rẹ̀, pá! bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ. Kọ́kọ́rọ́ wá ń yí lófìfo. Bàbá mi tún un yí. Ó gbé e sí etí, ó mì ín.

"Kí ló ṣe é, Bàbá?"

"Sipiríǹgì inú rẹ̀ ló já. Irin tí wọ́n ká jọ sínú ni, òun ni agbára rẹ̀." Ó rọra gbé e sílẹ̀. "Ó parí nìyẹn."

Ó dìde, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri lọ sí yàrá rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìsinmi ló jẹ́ fún mi. Mo dé láti ilé ìwé, mo na ẹ̀yìn lórí ẹní, kò sí ẹni tó pe gáàdì. Àmọ́ kì í ṣe orí rélùwéè nìkan ló dákẹ́. Bàbá mi náà dákẹ́. Kò fá irùngbọ̀n mọ́. Ọjọ́ ìsinmi dé, ó ní kí n máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ara òun ò yá. Ó kàn jókòó nínú yàrá, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Adìyẹ á wọlé, á jẹ̀ káàkiri lábẹ́ àga rẹ̀, kò ní lé e. Mo gún iyán, ó tọ́ ọ wò, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wọlé, mo bá a níbi tí mo fi í sí láàárọ̀. Abọ́ oúnjẹ tí mo dé sílẹ̀ fún un ṣì wà ní dídé, ìjàlọ ti bò ó.

"Bàbá, ẹ ò jẹun?"

Ó gbé orí sókè. "Ilẹ̀ ti mọ́ ni?"

Oòrùn ọ̀sán kún inú yàrá. Mo rò pé ó ti sùn lọ ni, pé ojú oorun ló fi ń sọ̀rọ̀. Mo gbọn ìjàlọ kúrò lára abọ́, mo sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń wò ó. Ó ti rù. Ní ọjọ́ kejì, mo fi gèlè wé orí rélùwéè náà, mo gbé e lé orí ìwé mi, mo sì gbé e lọ sí ọjà.

Ọkùnrin kan wà nítòsí Ọjà Ọba tó ń tún aago ṣe. Ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni, tó máa ń há awò kékeré kan mọ́ ojú kan. Nígbà tí mo tú gèlè, ó pàtẹ́wọ́.

"Tíṣà! Irú kí lèyí? Ẹ wò ó bó ṣe dára!"

"Sipiríǹgì rẹ̀ ló já. Ṣé ẹ lè tún un ṣe?"

"Àbúrò aago ni. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ padà wá lọ́la."

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun ń wá irin tó tẹ́ẹ́rẹ́. Mo tún padà wá, ó ní àwọn ará ìlú kan gbé aago ńlá wá, ó di lọ́la. Ọ̀la rẹ̀ kì í tán. Ilé ìwé wà lápá kan ìlú, ọjà wà lápá kejì, ilé wa sì wà lórí òkè, ní apá kẹta. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi ẹsẹ̀ wọn ìlú, eruku ọyẹ́ á kun mí títí dé orúnkún. Bí mo bá wọlé, bàbá mi á béèrè láti inú yàrá pé, "Wọ́n ti ṣe é?" N óò ní, "Ó di ọ̀la."

Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe yọ lókèèrè, mo rí i tí alátùn-ún-ṣe yìí dìde nídìí àpótí rẹ̀, tó sáré wọlé. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣa ẹ̀wà níta.

"Ó ti jáde, Tíṣà."

"Ìyá mi, mo rí wọn nísinsìnyí tí wọ́n wọlé."

Obìnrin náà wò mí. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ìwé tó wà lórí mi. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ó wà lábẹ́ ibùsùn," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ojú ló ń tì í." Ó sì kọjú sí inú ilé, ó kígbe: "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jáde wá! Ó ti rẹ Tíṣà."

Ó jáde wá lóòótọ́, òwú aláǹtakùn wà lórí fìlà rẹ̀. Ó gbé àpótí fún mi kí n jókòó, òun náà jókòó, kò sì lè wo ojú mi.

"Tíṣà, mo tú u. Èmi rò pé bíi ti aago ni. Ibi tí mo ti ń tú ìdè rẹ̀, sipiríǹgì yẹn fò jáde bí ejò, ó là mí lọ́wọ́." Ó fi àpá hàn mí, láti àtàǹpàkò dé àárín àtẹ́lẹwọ́. "Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì fọ́n ká. Mo ṣà wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Gbogbo ọjọ́ tí mo ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́la yẹn, èrò mi ni pé n óò rántí."

Ó gbé agolo mílíìkì ńlá kan fún mi. Mo wo inú rẹ̀. Bí ẹni kó egungun ẹja jọ. Ìbínú tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n agbára tí n óò fi bínú kò sí. Mo kàn jókòó síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bu omi fún mi, ó fún mi ní ẹ̀pà sísun, èmi àti ọkọ rẹ̀ sì jọ ń jẹ ẹ̀pà náà. Nígbà tí mo dìde, alátùn-ún-ṣe náà sọ fún mi pé alágbẹ̀dẹ kan wà ní Ute tó ń tún ìbọn ọdẹ ṣe, tó sì tún ń tún giramafóònù ṣe. Giramafóònù ní sipiríǹgì nínú, ó ní bóyá ọkùnrin náà á mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ yọ́ wọlé nílé kí bàbá mi má mọ̀. Àmọ́ irin kò ṣeé yọ́ gbé nínú agolo. Bí mo ṣe tẹ ìloro, ó ti gbọ́.

"Kí ló ń dún nínú agolo yẹn?"

Mo dúró. "Òun ni, Bàbá. Wọ́n tú u, wọn ò lè tò ó padà."

Mo ń retí kó bú mi.

"Gbé e wá. Tẹ́ ẹní."

Mo tẹ́ ẹní, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé, ó sì da ohun inú agolo náà sí iwájú rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí ni ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Èyí ni ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín nìyí, àwọn tó ń gbé agbára dé ẹsẹ̀ rẹ̀." Ó tò wọ́n sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Láti ìgbà tí ọkọ̀ náà ti dákẹ́, n kò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó wá dúró, ó tún wá gbogbo ẹní yíká. "Kẹ̀kẹ́ eléyín kan ò sí níbí. Èyí tó kéré jù."

Mo gbọn agolo náà wò, mo wo inú gèlè. Kò sí.

"Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ kan wà ní Ute," ni mo wí. "Ní Sátidé n óò lọ."

"N óò bá ọ lọ."

"Bàbá, ẹ ronú sí i. Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ yín sì ń là."

"Mo ní n óò bá ọ lọ. Oúnjẹ wo ló wà nílé?"

Ó jẹun lọ́jọ́ náà títí ó fi fi ìka nu abọ́.

Ní Sátidé, ó wọ kóòtù kakí tó fi ń ṣiṣẹ́, ó dé fìlà rẹ̀. A wọ lọ́rì tó ń lọ sí ọ̀nà Ìfọ́n, a fún ara wa mọ́ àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ lórí pákó, àwọn ewúrẹ́ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Bàbá mi di etí ìró mi mú ṣinṣin bí ọmọ tó ń bẹ̀rù ọjà. Mo rò pé ogbó ni. Ọ̀nà eruku pupa ni. Bí ọkọ̀ kan bá pàdé wa, a ò ní rí ara wa mọ́. Nígbà tí a dé Elegbeka, ẹ̀rọ ọkọ̀ náà hó, èéfín sì bo iwájú rẹ̀.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ o!" ni dírẹ́bà kígbe. "Ó di ìgbà tí wọ́n bá mú irin míì bọ̀ láti Ọ̀wọ̀."

"Rélùwéè kì í ṣe báyìí," bàbá mi wí fún gbogbo wọn.

A dúró títí. Oòrùn ń le sí i. Àwọn ará Ijagba díẹ̀ tó wà nínú ọkọ̀ ní àwọn ò lè dúró mọ́, àwọn á fi ẹsẹ̀ rìn, ọ̀nà àwọn àti ọ̀nà Ute sì jọ lọ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá mi ní ká bá wọn lọ. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ rù, agolo wà nínú rẹ̀, bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ìwúwo ọwọ́ náà, ìwúwo apẹ̀rẹ̀, àti oòrùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ará Ijagba yára jù wá lọ. Kò pẹ́, ohùn wọn nìkan là ń gbọ́ níwájú.

Igi ńlá kan ti wó dí ọ̀nà. Èèpo rẹ̀ ti bó, ó funfun báláú nínú oòrùn. Mo yà fún un, mo rò pé bàbá mi náà á yà. Ó lọ gbá orúnkún mọ́ ọn, ó sì ṣubú lé e lórí. Mo ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde.

"Bàbá! Ẹ ò rí igi yẹn ni?"

Ó fi ọwọ́ wá igi náà, ó gbé ara rẹ̀ jókòó lé e. Ó mí díẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Mi ò rí i."

Mo dúró síwájú rẹ̀. Ẹyin ojú rẹ̀ kò wò mí. Ẹ̀gbẹ́ etí mi ló ń wò.

"Láti ìgbà wo?"

"Mo ń rí ìmọ́lẹ̀. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń rí òjìji rẹ. Ojú rẹ gan-an, mi ò rí i láti ìgbà tí mo ti padà wálé."

Ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ, bí ẹni tó ti ń tò ó jọ tipẹ́.

"Ẹnu iṣẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ń da èédú síná fún mi ló ń bá mi wo sígínà, àmì tó ń ní kí ọkọ̀ máa bọ̀ tàbí kó dúró. Á ní, 'Ó mọ́, ọ̀gá.' Á ní, 'Pupa ni, ọ̀gá.' Mo sì mọ ọ̀nà náà bí inú ilé mi. A ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé n óò lè fi bẹ́ẹ̀ dé ọjọ́ ìfẹ̀yìntì mi."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ èédú. Èmi ń wa ọkọ̀ lọ, ọ̀nà dán nínú orí mi. Bó ṣe gbé orí sókè, ó ké. Mo fa bíréèkì. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, mo gbọ́ ẹkún obìnrin níwájú mi gan-an. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọwọ́ tọ ara ọkọ̀ lọ dé ibẹ̀. Ẹrù rẹ̀ ló tú sí ojú irin, tó ń kó. Mo fọwọ́ kàn án, mo fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Mo wa ọkọ̀ dé ibùdókọ̀ tó kàn. Mo wọlé tọ ọ̀gá mi lọ, mo gbé fìlà mi sórí tábìlì rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀."

"Wọ́n lé yín?"

"Kò lé mi. Ó ní òun á sọ pé mo fẹ̀yìn tì ni. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, ó gbé nǹkan kékeré yìí fún mi, ó ní, 'Gba èyí. Èyí ò lè pa ẹnikẹ́ni.' Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá oore ló ṣe mí ni tàbí ó bú mi."

"Ẹ sì ń yí i lójoojúmọ́."

"Kí lo fẹ́ kí n máa ṣe?" ló wí. "Òun nìkan ni mo lè wà láìfi ojú wò ó."

Mo rántí gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo fi kúnlẹ̀, tí mò ń to ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà lé ojú irin, tí mò ń rò pé àṣà ọ̀gá ni kò tíì kúrò lára rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún mi nígbà kankan, bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀, tí mò ń fọ abọ́ rẹ̀ tí mò ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ti bò mí débi tí n kò fi rí i. Mo ya etí gèlè mi, mo fi dì í ní orúnkún.

"Ẹ dìde, Bàbá. Ute ṣì jìn."

Lọ́tẹ̀ yìí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ń sọ fún un: òkúta rèé; kòtò wà lápá òsì; ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀. Ó gbà fún mi.

Abẹ́ àtíbàbà koríko ni alágbẹ̀dẹ náà wà, ó gbé ẹnu ìbọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, giramafóònù kan tí kò ní ìdérí wà láàárín wọn. Kò ju ẹ̀gbọ́n mi lọ lọ́jọ́ orí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó gbé ìjókòó fún wa, ìyàwó rẹ̀ sì bu omi wá. Mo da ohun inú agolo sórí awọ. Ó wò wọ́n títí.

"Bàbá, mi ò ní tàn yín," ló wí. "Mi ò rí irú èyí rí."

"Èmi mọ̀ ọ́n," bàbá mi dáhùn. Àwọn ọdẹ méjì kan jókòó níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró de ìbọn wọn, gbogbo wa ló sì gbọ́ nígbà tó fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n ojú mi kò ríran mọ́, ọmọ mi."

Mi ò gbọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ lójú èèyàn rí. Àwọn ọdẹ náà kàn ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ọ̀kan sì ń bá ìtàn ẹtu tó ń sọ lọ.

"Kò burú," ni alágbẹ̀dẹ wí. "Ẹ̀yin á máa fi ọwọ́ hàn mí, èmi á máa fi ojú wò ó."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi á fi ìka wá irin kan, á ní ibi báyìí ló ń wọ̀. Alágbẹ̀dẹ á ní rárá, Bàbá, ihò rẹ̀ ò gbà á. Wọn á jiyàn, wọn á yí i padà. Ó yọ sipiríǹgì giramafóònù tó ti kú, ó gé e kù, ó sì fi iná tẹ orí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ eléyín tó sọnù, idẹ ìdí ọta ìbọn ló fi ayùn irin gbẹ́ ẹ, eyín kan lẹ́yìn òmíràn. Mi ò rí òpin rẹ̀. Mo fara ti òpó, oorun sì gbé mi lọ.

Ariwo ló jí mi. Orí rélùwéè náà ń sáré lọ lórí ilẹ̀ lásán, láìsí ojú irin. Ó la eérú kọjá, àwọn ọdẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ó lọ kọ lu odó ìyàwó alágbẹ̀dẹ, ó sì dojú dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí fírífírí lófuurufú.

"Níbo ló wà? Níbo ló lọ?" bàbá mi ń béèrè, ó ti nàró.

"Odó ló lọ gbá, Bàbá!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe rí. Ó máa ń ti inú imú bẹ̀rẹ̀. "Ìyẹn kì í ṣe rélùwéè mọ́," ló wí, "mọ́tò ni. Dín agbára rẹ̀ kù, ọmọ mi."

Wọ́n tú u, wọ́n tún un gé, wọ́n tún un tò. Nígbà tó fi máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìyàwó alágbẹ̀dẹ ti gún iyán fún wa, oòrùn sì ti rọ̀. Kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ariwo rẹ̀ dà bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ, ó sì máa ń dúró lójijì, á ronú, kó tó tún máa lọ. Bàbá mi tẹ́ etí sí i.

"Yóò tó," ló wí.

Ọkọ̀ tó gbé pákó lọ sí Ọ̀wọ̀ ló gbé wa. A jókòó lórí pákó, agolo òfìfo ń yí káàkiri lẹ́sẹ̀ wa, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un nínú wa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ fún àlùfáà ìjọ wa. Mo mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà tan iná sí ojú rẹ̀, ó ní ó ti pẹ́ jù. Bàbá mi gé ọ̀pá kan, kò sì tọ ògiri lọ ní bòókẹ́lẹ́ mọ́. Ìwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ bá gbà á, ó máa ń bá mi lọ sí ilé ìwé láàárọ̀, á jókòó sábẹ́ igi, á máa sọ ìtàn afárá ńlá Jẹ́bà fún àwọn ọmọ tó ń sunkún, wọ́n á sì dákẹ́. Ohùn mi kò ha tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ mìíràn, a máa ń yí ọkọ̀ náà. Ìrọ̀lẹ́ mìíràn, a máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ní ìgbà òjò, sipiríǹgì giramafóònù náà já. Mo bi í bóyá kí n gbé e lọ sí Ute.

"Rárá o," ló wí. "Ìwọ lọ sinmi."

Mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo sì sùn. Nígbà tí mo jí, òjò ti ń rọ̀. Ó ti bọ́ kóòtù kakí rẹ̀ bò mí kí òtútù má mú mi. Orí mi ló bò. Kò mọ apá ibi tí ẹsẹ̀ mi wà.